Ìbú Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Wọ̀n: Àpótí Dígí Mẹ́ta fún Ẹja Apẹranjẹ Mẹ́rin ní Hòtẹ́ẹ̀lì Kan n'Íbàdàn

Hòtẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà n'Íbàdàn. Ọ̀gá tó ni ín fẹ́ kí àlejò máa rí nǹkan wò nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ bí wọ́n bá ń dúró de kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, ló bá ní kí wọ́n kan àpótí dígí fún ẹja. Èyí tí wọ́n kàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4: sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 45 ní ìbú láti iwájú dé ẹ̀yìn, 50 ní gíga. Dígí rẹ̀ nípọn tó mílímítà 8. Bí omi bá dé sẹ̀ǹtímítà 45 nínú rẹ̀, lítà 240 àti díẹ̀ ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó ẹja mẹ́rin sí i: arowana fàdákà kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, àrọ̀ onírù-pupa kan tó jẹ́ 8, àti oscar méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 6. Ẹni tó bá wo àpótí náà lọ́jọ́ yẹn á rò pé àyè ti pọ̀ jù fún wọn.

Odò Amazon àti àwọn odò ńlá mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni irú àwọn ẹja yìí ti ṣẹ̀ wá, apẹranjẹ sì ni gbogbo wọn. Arowana fàdákà, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Osteoglossum bicirrhosum, ń súnmọ́ mítà kan nínú odò. Nínú àpótí, 60 sí 75 sẹ̀ǹtímítà ló wọ́pọ̀, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó bá ti rí àyè. Àrọ̀ onírù-pupa, Phractocephalus hemioliopterus, ń kọjá mítà kan, ìwúwo rẹ̀ sì lè ju 40 kílò lọ. Oscar ló kéré jù nínú wọn, òun náà ń dé 30 sí 35. Ìwọ̀n tó yẹ kó wà lórí ìwé nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fa téèpù yọ láti wọn dígí.

Ẹni tó ta ẹja náà ò kọ ìkankan nínú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bi í bóyá àpótí náà á gbà wọ́n, ohun tó fi dá a lóhùn ni pé, "Ẹja kì í dàgbà ju ibi tó bá wà lọ, sà. Ẹ fọkàn yín balẹ̀." Irọ́ yìí ti pa ẹja púpọ̀. Ẹja tó bá kúrú nínú àpótí tó há mọ́ ọn, omi ìdọ̀tí àti àìrí àyè rìn ló dá a dúró: ẹ̀yìn rẹ̀ á wọ́, ojú rẹ̀ á tóbi ju orí lọ, kò sì ní lo ìdajì iye ọdún tó yẹ kó lò láyé. Àìsàn nìyẹn, kì í ṣe pé ẹja náà mọ ìwọ̀n ilé rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́

Wọ́n ń bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí àlejò fẹ́ràn láti máa wo bí arowana ṣe ń ta sókè gbé ọmọ epìyà lójú omi. Ọmọ epìyà láàyè, edé tútù àti oúnjẹ àrọ̀ oníkóró tó ń léfòó ni wọ́n ń fún wọn. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń mú ẹja dàgbà kíákíá. Ní ìparí oṣù karùn-ún, arowana ti di 32, àrọ̀ onírù-pupa ti di 27, oscar méjèèjì ti di 15.

Asẹ́ omi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dé pinpin, tí kànìnkànìn wà nínú rẹ̀, tí páìpù méjì so ó mọ́ àpótí. Wọ́n ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n jàjà fi ohun èlò àyẹ̀wò wo omi náà, amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja àti ìdọ̀tí rẹ̀ jáde, jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú lítà kan, náítíréètì, ohun tí amóníà ń dà nínú asẹ́, ti kọjá 100. Òdo ló yẹ kí amóníà jẹ́, náítíréètì ò sì yẹ kó ju 40 lọ. Ó ya ọmọ tó ń tọ́jú ẹja lẹ́nu pé ẹja ṣì ń jẹun nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé pH omi náà, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, ò jìnnà sí 7. Ní pH 7, nínú omi tó gbóná tó 28, amóníà tó wà ní irú èyí tó ń pa ẹja ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀. Tí pH bá gòkè dé 8, ó di ìdá 6 sí 7. Ẹni tó bá wá da òkúta ẹfun tàbí ìkarahun sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kó lè dára lójú, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé pH sókè tó sì pa ẹja náà lọ́jọ́ kan. Ó dùn mọ́ni pé kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ mọ́, oscar kan ò sí mọ́. Wọ́n wá a lẹ́yìn àpótí, wọ́n wá a lábẹ́ àga. Ikùn àrọ̀ onírù-pupa ló yọ gòńgò. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi dùbúlẹ̀ ní igun kan, nígbà tó sì di alẹ́ ó pọ ìdajì ohun tó gbé mì, omi funfun bí omi ògì, ìpẹ́ ń fò káàkiri. Àrọ̀ yìí ń gbé ẹja tó gùn tó ìdajì ara rẹ̀ mì, ó sì ń gbé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ mì pẹ̀lú: òkúta, ike tẹmómítà, ẹnu rọ́bà asẹ́. Ohunkóhun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, á wọlé.

Àpótí kejì

Ọ̀gá ò ráhùn owó. Ó ní kí wọ́n kan èyí tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn náà ní kó ga, kó lè bo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó jáde jẹ́ 180 ní gígùn, 45 ní ìbú, 90 ní gíga, pẹ̀lú dígí mílímítà 10. Bí omi bá dé 85, lítà 690 ni. Gbogbo ènìyàn yọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ gan-an, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń kan àpótí ń ṣe irú rẹ̀. Wo ìbú: 45 ló wà tẹ́lẹ̀, 45 náà ló tún wà. Ojú ilẹ̀ àpótí àkọ́kọ́ jẹ́ 120 lọ́nà 45, ìyẹn 5,400. Ti èkejì jẹ́ 180 lọ́nà 45, ìyẹn 8,100. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ àyè tí ẹja lè rìn sí fi ìdajì péré pọ̀ sí i. Gbogbo ìyókù lọ sókè. Arowana kì í lo omi tó jinlẹ̀: ojú omi ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ wo òkè, ìwọ̀n 20 sẹ̀ǹtímítà tó wà lókè pátápátá ni ilé rẹ̀. Àrọ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Omi tó wà láàárín àwọn méjèèjì ń wúwo lórí dígí, kò sì sí ẹja tó ń gbé ibẹ̀. Bákan náà ni atẹ́gùn: ojú omi ni ọ́síjìn ti ń wọlé, ojú omi náà ò sì fẹ̀ bí omi ṣe pọ̀ tó.

Gíga náà tún ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tó ń ti dígí jáde kì í ṣe iye lítà, bí omi ṣe ga tó àti bí dígí ṣe gùn tó ni, gíga sì ni baba méjèèjì, nítorí bí gíga bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ti dígí á di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú àpótí àkọ́kọ́, agbára tó wà lára dígí iwájú jẹ́ bíi ti ẹrù 120 kílò. Nínú èkejì, tí omi rẹ̀ dé 85, ó di bíi 650 kílò, dígí sì fi mílímítà méjì péré nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fi ègé dígí mílímítà 10 sí igun méjèèjì dígí iwájú, wọ́n na okùn tínínrín lé wọn lórí kó le dáadáa, wọ́n sì wọn àyè tó wà láàárín okùn àti dígí ní àárín gbùngbùn. Mẹ́rin péré ló kù. Dígí ti fi mílímítà 6 yọ síta.

Kò sí ohun tí a lè fi ẹnu tún ṣe níbẹ̀. Wọ́n fa omi sọ̀kalẹ̀ dé 60 lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àpótí tí wọ́n sanwó lítà 729 fún di àpótí lítà 486.

Ní oṣù kẹsàn-án, arowana dé 44 sẹ̀ǹtímítà. Tí a bá yọ dígí iwájú àti ti ẹ̀yìn kúrò nínú ìbú, 43 ló ṣẹ́ kù nínú. Ẹja náà ti gùn ju ibi tó ti fẹ́ yí padà lọ. Bó bá dé igun, ó dúró, ó ká ara rẹ̀ kò, imú rẹ̀ kan dígí kan, ìrù rẹ̀ kan èkejì, lẹ́yìn náà ló tó já ara rẹ̀ gbà. Irùngbọ̀n rẹ̀ méjèèjì gé. Ìpẹ́ mẹ́ta ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù. Ojú rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀, àìsàn tí àwọn tó ń sin arowana mọ̀ dáadáa, tó wọ́pọ̀ lára èyí tó bá ń wo oúnjẹ àti àwọn tó ń kọjá láti òkè sísàlẹ̀, nínú àpótí tó ga tí ìbú rẹ̀ ò sì tó. Lóru ọjọ́ kan iná dé lójijì, gbogbo gílóòbù gbọ̀ngàn tàn lẹ́ẹ̀kan náà, arowana ta sókè, ó fi orí gbá dígí ìdérí tó jẹ́ mílímítà 5, ó ṣí i, ó sì jábọ́ sílẹ̀. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀, ló fi aṣọ tútù gbé e padà. Ó yè. Arowana ń ta láti mú kòkòrò lórí igi ní odò wọn, kò sí ìdérí tó fúyẹ́ tó lè dá a dúró: ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó dè é mọ́lẹ̀.

Òru tí iná lọ

Hòtẹ́ẹ̀lì náà máa ń pa jẹnẹrétọ̀ láago 12 òru kí dísẹ̀lì má baà tán, wọ́n á sì tún tan án láago 6. Ní oṣù kẹwàá, iná ìjọba lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Fún wákàtí mẹ́fà, pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ò ṣiṣẹ́. Omi tó gbóná tó 30 ò lè gba ọ́síjìn ju bíi mílígíráàmù 7 àti ààbọ̀ lọ nínú lítà kan, bó ti wù kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tó, ẹja tó sì jẹun yó lálẹ́ ń lo ọ́síjìn ju èyí tí ebi ń pa lọ. Láago 5, gbogbo wọn wà lójú omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé.

Láago 6 jẹnẹrétọ̀ dún, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Láàárín wákàtí kan, oscar tó kù dojú dé, ó kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé àìsí afẹ́fẹ́ ló pa á. Oscar kì í tètè kú bẹ́ẹ̀: nínú ẹja tí à ń sìn nínú dígí, òun wà lára àwọn tó fara da àìsí ọ́síjìn jù lọ. Inú asẹ́ ni ikú ti jáde. Kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà di náítíréètì nínú kànìnkànìn ń mí ọ́síjìn. Bí omi bá ti dúró nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dé pinpin, wọ́n á lo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán láàárín wákàtí mélòó kan, ìdọ̀tí tó ti há sí ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà láìsí atẹ́gùn. Omi tó kọ́kọ́ jáde láago 6 dúdú, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Arowana àti àrọ̀ ló yè é.

Bí iná bá ti lọ ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, a kì í tan asẹ́ oníkẹ́ẹ̀gì padà bẹ́ẹ̀. Ẹ tú u, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ bu omi àpótí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi fún kànìnkànìn náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó so ó padà. Ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ tó ní kilorín fọ̀ ọ́, torí ìyẹn á pa kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àpótí yí padà pátápátá lójú ọ̀gá. Títí di ọjọ́ náà, bí ẹja á ṣe gùn tó nìkan ni wọ́n ń rò. Nílẹ̀ wa, ó yẹ ká tún bèèrè pé wákàtí mélòó ni àpótí yìí lè fi dá dúró láìsí iná. Àpótí tó fẹ̀ tí ẹja inú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ń ra àkókò fún ènìyàn, èyí tó kún fọ́fọ́ ò ra nǹkan kan.

Kí la ó ṣe sí àrọ̀?

Àrọ̀ onírù-pupa ti di 48. Ọ̀gá ní kí wọ́n kan èyí tí yóò gba òun àti arowana títí láé. "Ṣé kò sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?" Onímọ̀ ẹja tí wọ́n pè sì dá a lóhùn pé, "Ó wà, sà, ṣùgbọ́n kò lè wọ gbọ̀ngàn yìí." Ó ṣe ìṣirò náà lórí ìwé níwájú rẹ̀. Ẹja tí yóò di 110: ìbú kò gbọ́dọ̀ dín sí ẹja kan àti ààbọ̀, ìyẹn 165, gígùn kò gbọ́dọ̀ dín sí ẹja mẹ́rin, ìyẹn 440, kí omi ga tó 80. Ó lé ní lítà 5,800, tọ́ọ̀nù omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà láìka dígí àti irin. Ìyẹn gan-an sì kéré jù fún un lójú ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sin ín dàgbà. Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó ní, "Ó dáa, kò ṣe é ṣe."

Ẹnìkan dá a lábàá pé kí wọ́n lọ dà á sí adágún Eléyelé. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ẹja apẹranjẹ tí wọ́n bá dà sí omi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè run ohun tó bá níbẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n da ẹja apẹranjẹ ńlá kan, Lates niloticus, sí adágún Victoria ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, oríṣiríṣi ẹja kéékèèké tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì pòórá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kó ẹja padà kúrò nínú adágún bó bá ti bímọ.

Oko ẹja kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde gbà á. Wọ́n ní ìkùdù oníkọnkéré tó jẹ́ mítà 6 lọ́nà 4, omi rẹ̀ ga ní mítà kan, ìyẹn lítà 24,000. Wọ́n kó àrọ̀ tó wà níbẹ̀ kúrò ná, wọ́n sì fi àwọ̀n onírin sí ẹnu páìpù tí omi ń gbà jáde kó má baà bọ́ sí odò. Fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e, wọn ò fún un lóúnjẹ, nítorí bí ẹ̀rù bá bà á lójú ọ̀nà, á pọ gbogbo rẹ̀ sínú omi dúrọ́ọ̀mù. Wọn ò fi àwọ̀n mú un: ẹ̀gún tó wà ní lẹbẹ àyà rẹ̀ á há sínú àwọ̀n, á ya lẹbẹ, á sì ya ọwọ́ ẹni tó mú un. Tapólì tútù ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú omi, ẹni méjì gbé e sókè pẹ̀lú omi díẹ̀, ó di inú dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó ní omi àpótí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì.

Àpótí kẹta

Arowana nìkan ló kù láti kan àpótí fún, ìwọ̀n tí wọ́n sì mú ni 75, tí í ṣe bó ṣe máa ń gùn tó bí ó bá dàgbà nínú dígí. Ìbú 90, gígùn 240, gíga 60, dígí mílímítà 15, pẹ̀lú ọ̀já dígí yí òkè rẹ̀ ká àti méjì tó dábùú. Omi dúró ní 52, kí àyè wà fún ìdérí tó ní bóòlù. Lítà 1,120 ni, ó lé ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ohun tó wà nínú àpótí kejì nígbà tí omi rẹ̀ ṣì wà ní 85. Síbẹ̀ agbára tó ń ti dígí iwájú rẹ̀ jẹ́ bíi 325 kílò péré, ìdajì ti àpótí gíga yẹn. Ó fẹ̀ jù ú lọ, ó sì fọkàn ẹni balẹ̀ jù ú lọ.

Ìwúwo rẹ̀: omi 1,120 kílò, dígí bíi 230, ẹsẹ̀ irin lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ jókòó lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 2.4 lọ́nà 0.9, tó túmọ̀ sí pé ó lé ní 600 kílò lórí mítà kan lọ́nà mítà kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú ilé, 150 sí 200 ni wọ́n sábà fi ń ṣírò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé, lórí ilẹ̀ oníkọnkéré, nìkan ló yẹ é. Wẹ́dà fi irin onígun mẹ́rin ṣe ìjókòó rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Bíríkìlà fi rọ́bà omi wọn òkè rẹ̀ láti igun dé igun, ó bá ìyàtọ̀ mílímítà 4, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ irin sábẹ́ ẹsẹ̀ méjì títí ó fi dọ́gba. Páákó máríìnì mílímítà 18 tẹ̀ lé e, fóòmù líle tẹ̀ lé páákó. Sílíkónì gbẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí omi tó kàn án, omi sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹja.

Wọ́n jáwọ́ nínú asẹ́ oníkẹ́ẹ̀gì. Táǹkì dígí kan tó ṣí lókè, 120 lọ́nà 50 lọ́nà 50, wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní sọ́ǹpù. Omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí i, ó ń gba inú kànìnkànìn kọjá, pọ́ǹpù á sì dá a padà sókè, lítà 6,000 ní wákàtí kan. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò: bí iná bá lọ, omi òkè á ṣì máa ṣàn títí yóò fi dé ẹnu ibi ìṣànlọ. Tí ìyẹn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 péré nínú àpótí tó fẹ̀ tó báyìí, lítà 43 ni yóò sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi lítà 200 sínú sọ́ǹpù náà, àyè tó kù sì gba ohun tó ń bọ̀ dáadáa. Wọ́n tún lu ihò kékeré sí páìpù tó ń dá omi padà, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kí omi má baà fa ara rẹ̀ padà gba ibẹ̀.

Ìnfátà kan pẹ̀lú bátìrì fóòtì 12, ámúpù-wákàtí 200, ń dá pọ́ǹpù tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ dé wáàtì 40 àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wáàtì 20 ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá lo bátìrì náà kọjá ìdajì, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà, tó máa gbé wáàtì 60 fún bíi wákàtí 16 lẹ́yìn tí ìnfátà bá ti jẹ tirẹ̀. Òru tó pa oscar yẹn, wákàtí mẹ́fà péré ni.

Omi pípààrọ̀ ló kù. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ lítà 400, kò sì sẹ́ni tó lè máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ru ìyẹn. Táǹkì ike lítà 1,000 kan wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi inú rẹ̀ fún wákàtí 24. Omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, pH rẹ̀ jẹ́ 5.9 bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ́síjìn inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí 24, kábọ́nì dáyọ́sáìdì ti jáde, pH ti di 6.8. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ amómigbóná wáàtì 300 méjì ń gbà á dúró ní 27.

Arowana wọ àpótí náà pẹ̀lú kànìnkànìn àtijọ́ tí wọ́n ti fọ̀, kí kòkòrò àìfojúrí má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọ́n bo ẹ̀yìn dígí pẹ̀lú bébà dúdú, wọ́n sì ń tan iná díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, oscar mẹ́ta tó jẹ́ 18 sí 20 wọlé. Ẹja tó bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta arowana lọ kì í sábà wọ ẹnu rẹ̀. Oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ kan láìjẹ lọ́sẹ̀, wọn ò sì fún wọn ní ọmọ epìyà láàyè mọ́, torí kòkòrò tó ń gbé lára ọmọ epìyà. Náítíréètì ń rìn láàárín 20 sí 30. Irùngbọ̀n arowana kan hù padà, èkejì kọ̀. Ojú tó wo ìsàlẹ̀ ò yí padà, kò sì ní yí mọ́.

Ohun tí àwọn tó ń kan àpótí lè mú níbẹ̀

Lítà ni àwọn oníbàárà ń bèèrè, nítorí òun ni wọ́n ń kọ sára àpótí. Ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ẹja nígbà tó bá dàgbà, kì í ṣe bó ṣe rí nínú lailọnu lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Fún ẹja tó le, tí kì í ká ara rẹ̀ dáadáa, tí arowana wà lára wọn, kí ìbú má dín sí bó ṣe gùn, kí ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ibi tó wà bá gbà. Fún àrọ̀ ńlá, ẹja kan àti ààbọ̀. Gígùn, ẹja mẹ́ta sí mẹ́rin. Gíga ló kẹ́yìn: bó bá ti tó ìlọ́po méjì bí ara ẹja náà ṣe ga láti ẹ̀yìn dé ikùn, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì lo owó tó kù láti fi kún ìbú. Sẹ̀ǹtímítà 15 tí a fi kún ìbú wúlò fún ẹja ńlá ju 40 tí a fi kún gíga lọ, kì í sì í mú dígí yọ ikùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ibi tí àpótí máa jókòó, ibi tí omi ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti máa wá, àti iye wákàtí tí iná fi ń lọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ń yí ìwọ̀n padà ju ohun tí oníbàárà fẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní ìnfátà tí kò sì ní ẹni tó ń jí lóru, ẹ dín iye ẹja rẹ̀ kù dé ìdajì, ẹ sì fẹ àpótí rẹ̀.

Àwọn ẹja kan wà tí ìṣirò á fi hàn pé wọn ò yẹ fún dígí kankan nínú ilé. Àrọ̀ onírù-pupa wà lára wọn. Ẹni tó ń tà á ní sẹ̀ǹtímítà 8 gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀ fún olùrà, kí ó sì kọ ọ́ sára rìsíìtì pẹ̀lú bírò: "Yóò ju mítà kan lọ. Ìkùdù ni ilé rẹ̀." Lẹ́yìn náà kí ó bi í pé ìkùdù ta ni, níbo, kí ó tó gba owó rẹ̀.